Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ inú igbó J4: kí ni kí n kó dání?

Olùkọ́Tuntun (Ajé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Lẹ́tà ìṣípòpadà mi dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n gbé mi lọ, káńpù àwọn àgbẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní J4. Mo wo máàpù orí fóònù títí ojú fi ń ro mí. Àwọ̀ ewé nìkan ni mo rí, kò sí orúkọ, kò sí ọ̀nà. Iṣẹ́ ọkọ mi wà l'Ékòó, kò lè bá mi lọ. Èmi àti ọmọ mi ọlọ́dún méjì la jọ ń lọ.

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mi ò gbé oko rí. Ẹni tó bá ti gbé irú ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kó dání? Mo ti kọ fáànù sólà, gáàsì kékeré àti àpò ìrẹsì kan sílẹ̀. Kí ló kù?

ÌyáKòkó (Ajé, 8:40 alẹ́)

Ọmọ mi, o kú oríire. Mo mọ̀ pé kò jọ oríire lójú rẹ.

Ọdún 19 ni mo lò ní káńpù kòkó nínú igbó yẹn, ọmọ mẹ́ta ni mo bí síbẹ̀. Gáàsì yẹn, fi í sílẹ̀ n'Íbàdàn. Tó bá tán, ta ni yóò gbé sìlíńdà sórí ọ̀kadà lọ sí títì fún ọ? Igi ìdáná kì í wọ́nni níbẹ̀. Igi *gbígbẹ* ló ń wọ́nni, pàápàá lóṣù Keje tí òjò bá ń rọ̀ bí ẹni pé ó bá ilẹ̀ jà. Kí òjò tó dé ni kí o ti to igi sábẹ́ àjà.

Bàtà òjò tó ga dé orúnkún, méjì: ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan tí o máa fi pamọ́ nítorí àkọ́kọ́ yóò ya. Láràárọ̀ kí o tó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, yí i dojú dé, kí o gbọ̀n ọ́n. Mo ti bá àkekèé pàdé nínú tèmi. Tọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ti fóònù o. Álọ́ọ̀mù, ra púpọ̀, nítorí odò a máa rú lẹ́yìn òjò: bu omi rẹ̀ sínú dírọ́ọ̀mù, fi álọ́ọ̀mù sí i, jẹ́ kó tòrò, da ojú rẹ̀ sọ́tọ̀, kí o tó sè é fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń rò pé tó bá ti tòrò, ó ti mọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀, sè é.

Mo fẹ́ sọ ti ìjàlọ fún ọ nítorí ọmọ yẹn. Lóru ọjọ́ kan, adìyẹ mi ń ké nínú àgò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀ ń rìn. Gbogbo ilẹ̀ yàrá, dúdú, ó ń lọ bí omi, ó ń gun ògiri. Mo gbé ọmọ, a jáde, ìta la jókòó sí tílẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a padà wọlé, kò sí aáyán kan, kò sí èkúté kan, ilé mọ́ ju bí mo ti ń gbá a lọ. Àmọ́ adìyẹ tó ń sàba, ìyẹ́ àti eegun ló kù. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, inú agolo mílíìkì ló ń wà, pẹ̀lú omi tí mo kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí kí ẹ̀fọn má bàa yé síbẹ̀. Tí ìjàlọ bá dé, má bá wọn jà. Jáde fún wọn, wọ́n á lọ.

Ọlọ́kadàTítì (Ajé, 9:27 alẹ́)

Ẹ ń sọ ẹrù, ẹ ò tíì sọ ọ̀nà.

Àǹtí, mo ń gbé èrò láti ìsọdá J4 wọ inú igbó, ó ti pẹ́. Lójú títì Ṣágámù sí Òrè ni ọkọ̀ yóò ti sọ yín kalẹ̀. Láti ibẹ̀, ilẹ̀ pupa ni. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, eruku á bò yín títí ẹ máa fi dà bí egúngún. Lásìkò òjò, ọkọ̀ agbégẹdú ti fi táyà gbẹ́ kòtò tó jìn ju ọ̀kadà lọ, a ó máa gba orí ebè àárín wọn bí ẹni tó ń rìn lórí okùn. Afárá wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìtì igi méjì péré ni wọ́n fi ṣe é. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn, ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà nìkan gun ún kọjá. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ má gbà fún un.

Ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń *sùn* sí káńpù. Èmi tí mò ń sùn sí títì, bí ara ọmọ bá gbóná lóru, mi ò lè débẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ tún máa tọ́jú pẹtiróòlù lítà méjì sínú kẹ́ẹ̀gì tó dé dáadáa, kó jìnnà sí ibi ìdáná. Mo ti rí i tí ọ̀kadà wà, tí ẹni tó máa gùn ún wà, epo ni kò sí. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ́jọ́ náà yè, àmọ́ inú mi ò dùn sí bó ṣe yè.

Nọ́ọ̀sìAbúlé (Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀)

Ẹ ṣé, ọlọ́kadà. Ohun tí ẹ sọ yẹn ṣe pàtàkì ju oògùn tí mo fẹ́ kọ lọ, àmọ́ màá kọ ọ́.

Mọ̀mí, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ní oògùn lára, méjì. Ẹ tẹ etí rẹ̀ bọ abẹ́ ibùsùn. Ara ọmọ bá gbóná, ẹ má ṣe dúró wo ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe àyẹ̀wò ibà fún un, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ibà, oògùn alápapọ̀ tó ní artemisinin nínú ni kẹ́ ẹ fún un, iye tó bá ìwọ̀n ara rẹ̀ mu, kẹ́ ẹ lò ó tán kódà tí ara rẹ̀ bá ti tutù lọ́jọ́ kejì. Tí gìrì bá mú un, tí kò lè mumu, tó ń bì gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò ti kọjá, ọ̀kadà ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ro ìtọ̀ màlúù tàbí àgbo sí i lẹ́nu nígbà tí gìrì ń ṣe é. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kó lè mí.

Ìgbẹ́ gbuuru: ẹ ra ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ tí wọ́n ń pò mọ́ omi) àti síńkì kẹ́ ẹ tó wọlé. Síńkì, mílígíráàmù 20 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Tí ORS bá tán: omi sísè tó ti tutù lítà kan, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan tí àwọn èèyàn kì í rántí: amùkúrù, kòkòrò kékeré dúdú tó ń jẹni lọ́sàn-án létí odò tó ń sáré. Òun ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri. Oògùn rẹ̀, Mectizan, ọ̀fẹ́ ni láti 1987 tí Merck ti ń fi tọrẹ, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń pín in níbi tí àrùn náà bá wà. Ọ̀pá ni wọ́n fi ń wọn gíga èèyàn láti mọ iye tó máa lò. Ọmọ yín ò tíì ga tó, ẹ má fún un, ẹ̀yin ẹ lò ó àyàfi tí ẹ bá lóyún.

BàbáÀgbẹ̀ (Ìṣẹ́gun, 7:31 àárọ̀)

Nọ́ọ̀sì ò sọ̀rọ̀ ejò. Ibẹ̀ ni ejò wà jù. Oká a máa sùn sínú ewé kòkó gbígbẹ, o lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o tó rí i. Tó bá buni ṣán, so ó pinpin lókè, fi abẹ sín in, gbé òkúta ejò tí wọ́n ní ó ń fa oró lé e, jẹ orógbó. Bí a ṣe ń ṣe é láyé bàbá mi nìyẹn.

Nọ́ọ̀sìAbúlé (Ìṣẹ́gun, 7:58 àárọ̀)

Bàbá, ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ má bínú sí mi.

Ọ̀pọ̀ ejò tó ń buni ṣán kò ní oró, òmíràn á bu èèyàn ṣán láì tú oró sí i. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò yè bí ẹ bá gbé òkúta lé e, yóò sì yè bí ẹ bá gbé sítáǹpù lé e. Ìdí nìyẹn tí òkúta fi lórúkọ. Ti oká gan-an kò mọ òkúta. Okùn tí ẹ so pinpin, òun ló ń pa ẹsẹ̀, mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n gé nítorí okùn, kì í ṣe nítorí ejò. Abẹ tí ẹ fi sín in, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má dá.

Ohun tí a ń ṣe ni pé kó jókòó, kó má rìn rárá. Ẹ bọ́ òrùka, bàtà àti ẹ̀gbà kó tó wú. Ẹ fi pátákó dì í bí ẹsẹ̀ tó dá, kó má máa mì. Kí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀kadà láti dì í mú, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ síbi tí abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò wà, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Òrè. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbéra, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ní in lọ́wọ́. Ẹ má fi àkókò lépa ejò láti pa á.

BàbáÀgbẹ̀ (Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀)

Ti okùn yẹn, mo gbọ́. Orógbó ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìAbúlé (Ìṣẹ́gun, 8:12 àárọ̀)

Ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, sà 😄

ỌmọGáàdì (Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

Gáàdì igbó ọba ni bàbá mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí máàpù yín fi ṣófo.

1925 ni ìjọba amúnisìn ya igbó Ọmọ sọ́tọ̀, orúkọ odò tó gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó tó hẹ́kítà 130,000, ó sì fara kan igbó Olúwa l'Óndó àti Ṣáṣá l'Ọ́ṣun. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó àbò àgbáyé ní 1977. J4 tí ẹ ń pè bí orúkọ ìlú yẹn, àmì tí àwọn onígbó ọba fi pín ilẹ̀ ni: J1, J3, J4, J6. Èèyàn ò sí nínú ètò wọn, igi nìkan ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà wọ́n gé igbó ńlá lulẹ̀, wọ́n fi igi mẹlíínà rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n lè máa fi ṣe bébà ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó wà n'Íwópin. Iṣẹ́ bébà yẹn kò fìdí múlẹ̀, àmọ́ mẹlíínà ṣì wà níbẹ̀ bí ọmọ ogun tó to lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Láti rí ẹni tó máa ro ìdí igi fún wọn, wọ́n gba àgbẹ̀ láàyè kó gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sáàárín igi kéékèèké. Tí igi bá ti ga, kí àgbẹ̀ máa lọ. Àgbẹ̀ ò lọ. Ó gbin kòkó, ó kọ́lé, ó bímọ, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ní Ẹdẹ àti Ìwó.

Lójú ìwé, kò séèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí kò sí lójú ìwé kì í rí títì, kì í rí iná ìjọba, kì í rí kànga ẹ̀rọ. Nígbà tí gáàdì bá dé, á bá wọn wí pé kí wọ́n kúrò. Nígbà tí olóṣèlú bá dé, á bá wọn kí. Bàbá mi ló ń lé wọn lójú mọmọ, tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn lálẹ́, mi ò ní purọ́.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, Àǹtí: bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ó ta ilẹ̀ fún yín níbẹ̀, ẹ má rà á. Ẹ ro ẹ̀fọ́ yín sẹ́yìn ilé, kó mọ síbẹ̀. Bí àwọn òbí bá sì ń bi yín léèrè ìwé, bóyá lẹ́tà ni wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn kọ sí ìjọba tàbí kẹ́ ẹ ka àkíyèsí ìlénikúrò fún wọn, ẹ kà á bó ṣe wà, ẹ má fi kún un. Tíṣà ni akọ̀wé gbogbo káńpù.

Ará_Peckham (Ìṣẹ́gun, 4:45 ìrọ̀lẹ́)

Inú igbó yìí ni mo dàgbà sí kí n tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé erin ṣì wà?

ÌyáKòkó (Ìṣẹ́gun, 7:02 alẹ́)

Ó wà, kò pọ̀. Ọdún 19, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú rí i, ìyẹn náà ní ìdájí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, tí ó ń wọ inú ìkùukùu lọ. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí ni mo rí gan-an. Àmọ́ ìgbẹ́ rẹ̀, tó tóbi bí orí ọmọdé, tí kóró èso kún inú rẹ̀, ìyẹn la máa ń rí lójú ọ̀nà. Lóru ọjọ́ kan, ó wọ oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, ó ń fa igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya bí ẹni ya ewé gbúre. A gbọ́ ọ, "fàà, fàà", ẹnikẹ́ni ò jáde. Olùkọ́, tí o bá gbọ́ irú ẹ̀ lóru, dúró sínú ilé. Tí o bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, má pariwo, má ju òkò, fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ bí o ṣe wá. Tó bá lọ́mọ lẹ́yìn, mo bẹ̀ ọ́, má ya fọ́tò.

TíṣàÒjòPa (Ọjọ́rú, 5:50 ìrọ̀lẹ́)

Kò sẹ́ni tó tíì sọ̀rọ̀ kíláàsì. Mo ṣe tíṣà ní káńpù ọdún mẹ́rin. Èèyàn 60 ló wà nínú rẹ́jísítà mi, 22 ló ń wá. Láti oṣù Kẹwàá tí wọ́n bá ti ń já kòkó, ẹ máa rí mọ́kànlá. Mo kọ́kọ́ ń bínú. Ìgbà tó yá, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń la kòkó, mo bá wọn jókòó ti òkìtì, mo rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń yọ èso rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, tí ìyá wọn ń to ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n fi bò ó. Ọjọ́ bíi mẹ́fà ni yóò fi wà lábẹ́ ewé kí wọ́n tó sá a. Mo kíyè sí i pé lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bò ó, ọwọ́ á dilẹ̀. Mo bá àwọn òbí dúnàá-dúrà: ọjọ́ ìlakòkó, ẹ mú ọmọ yín, ọjọ́ tó wà lábẹ́ ewé, tèmi ni. Wọ́n gbà. Mo rí 40.

Kíláàsì mẹ́ta ni mo ń kọ́ nínú yàrá kan. Ẹ kó ṣọ́ọ̀kì lọ, púpọ̀. Tí òjò bá ń lu páànù, ẹnu ò ṣiṣẹ́ mọ́, ojú pátákó ló kù.

Owó oṣù: ẹ má retí POS nínú igbó. Ọjọ́ ọjà ni kẹ́ ẹ máa bá ọkọ̀ jáde.

Tẹ̀mítọ́pẹ́_N (Ọjọ́rú, 9:15 alẹ́)

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì: ẹ bèèrè igi tí wọ́n ń fi fóònù kọ́ sí. Gbogbo káńpù ló ní tiwọn. Ti àbúrò mi, igi ọsàn kan ni, ó kan ìṣó mọ́ ọn, ó ń fi fóònù kọ́ ọ, ó ń ṣí WhatsApp ní aago márùn-ún ìdájí, ó ń fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lọ ro oko, tó bá padà dé, mẹ́sẹ́ẹ̀jì ti wọlé. Sólà kékeré fún tọ́ọ̀ṣì àti fóònù, bẹ́ẹ̀ ni. Fáànù, ẹ gbàgbé. Abẹ́ igi tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olùkọ́Tuntun (ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà, Àìkú, 5:31 ìdájí)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti òbí mi, abẹ́ igi ni mo wà báyìí, ọmọ wà lẹ́yìn mi. Igi tiwa, arère ni, wọ́n ní kí n dúró sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí títì.

Ara ọmọ gbóná ní ọ̀sẹ̀ kẹta, aago méjì òru. Kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ wò ní káńpù. Mo kan ìlẹ̀kùn ọlọ́kadà tó ń sùn níbí. Ó jáde, ó ní epo tán. Mo ní mo ní i. Ó wo mí bí ẹni tó rí iwin. A dé ibi ìtì igi méjì yẹn, mo sọ̀kalẹ̀, mo di ọmọ mọ́yà, mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ ara mi, mo ń gbọ́ omi lábẹ́, n kò rí i. Ibà ni. Ọmọ ti ń sáré kiri báyìí, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń pe adìyẹ.

Gáàsì wà n'Íbàdàn. Ìrẹsì ti tán, kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé ebi ń pa mí, wọ́n kàn ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ìjàlọ ò tíì dé, àgolo wà nídìí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ìyá Kòkó, mo ní ìbéèrè kan. Lánàá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kó ìgbín 40 wá fún mi nínú garawa, òjò ló rọ̀ lóru. Mo yọ wọ́n kúrò nínú ìkarahun títí apá mi fi rọ, wọ́n ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fi omi fọ̀ wọ́n ní ìgbà mẹ́fà. Báwo ni wọ́n ṣe ń pa ìyọ̀ yẹn?

ÌyáKòkó (Àìkú, 6:20 àárọ̀)

Álọ́ọ̀mù tí mo ní kí o rà! Lọ̀ ọ́ kúnná, fi ra á dáadáa títí ọwọ́ rẹ á fi há, lẹ́yìn náà fi omi ṣan án. Tí o bá rí ọsàn wẹ́wẹ́, fún un sí i. Ogójì? Wọ́n fẹ́ràn rẹ. Fi ata gígún sè díẹ̀, kí o fín ìyókù sórí ààrò, igi mẹlíínà ò dára fún un o, èéfín rẹ̀ ò dùn lẹ́nu. Bèèrè igi ìrosùn lọ́wọ́ wọn.